Ìkòkò tó ń tán lójoojúmọ́: bí ẹ ṣe lè rí oúnjẹ gidi jẹ ní Ṣàgámù àti àyíká Rẹ́mọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ìyàwó mi kó kúrò ní Ìkẹjà wá sí ẹ̀sítéètì tuntun kan nítòsí Ìkóríta Ṣàgámù. Ilé dáa, ariwo kò sí, oúnjẹ ni wàhálà wa. Ní Ìkẹjà, bùkà mẹ́ta ló wà ní àdúgbò wa, ẹsẹ̀ la fi ń rìn débẹ̀. Níbí, gbogbo nǹkan fọ́n ká, kò séyìí tó sún mọ́ra. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la ti jẹun létí ọ̀nà márosẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì nínú rẹ̀ ni inú run wá. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ ibi tí oúnjẹ ti dáa ní irú ìlú báyìí, pàápàá oúnjẹ Ìjẹ̀bú gangan? A ò ní mọ́tò, kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà la ń wọ̀.

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire ilé tuntun, ilé á tù yín lára.

Oúnjẹ gidi wà ní Ṣàgámù dáadáa. Ibi tí ẹ ti ń wá a ni kò dáa. Níbi tí ilé ti fún pọ̀ bí Ìkẹjà, olóúnjẹ ló ń wá èèyàn wá. Níbi tí ilé ti fọ́n ká, olóúnjẹ máa ń jókòó síbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń kóra jọ lọ́sàn-án, ẹ̀yin lẹ máa lọ bá a. Ẹ wo ẹ̀sítéètì yín ní aago 11 àárọ̀: gbogbo èèyàn ti lọ síbi iṣẹ́, géètì ti wà ní títì, ó ku máígádì nìkan. Ta ni ìyá olóúnjẹ fẹ́ gbé ìkòkò ọbẹ̀ kaná dè níbẹ̀? Bí ẹnìkan bá tiẹ̀ ṣí bùkà síwájú géètì, èèyàn mélòó kan níí rà lọ́wọ́ rẹ̀ lóòjọ́, ọbẹ̀ ọjọ́ Ajé ló sì máa gbóná títí di Ọjọ́rú. Torí náà, ẹ gbàgbé bùkà tó sún mọ́lé ná. Ìkòkò tó ń tán lójoojúmọ́ ni kí ẹ máa wá, kódà bó gba kẹ̀kẹ́ kan tàbí méjì kẹ́ ẹ tó débẹ̀.

Ti ọ̀nà márosẹ̀ tó fi inú run yín yẹn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ọ́. Olóúnjẹ etí márosẹ̀ mọ̀ pé Ìbàdàn ni oníbàárà òun ń lọ, tàbí Ọ̀rẹ̀, tàbí Bìní. Bóyá ni yóò tún fojú kàn án mọ́. Bí ọbẹ̀ bá kan, kò sẹ́ni tó máa padà wá bá a jà nítorí ẹ̀. Kì í ṣe pé gbogbo wọn burú o, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń fi agbára mú wọn láti dáa, owó ọkọ̀ tó ń kọjá sì ń wọlé lọ́nàkọnà. Àwọn kan á ní ibi tí tírélà bá pọ̀ sí ni kéèyàn ti jẹun. Ẹ má tẹ̀ lé ìyẹn. Ní Ògèrè, páàkì ni tírélà ń bá dúró: awakọ̀ fẹ́ sùn, ó fẹ́ wẹ̀, ó fẹ́ tún táyà ṣe, ohun tó bá sì bá níbẹ̀ ló máa jẹ. Bákan náà ni ti awakọ̀ táńkà ní Mòsímí, ibùdó epo, ibi tí ìlà bá ká a mọ́ ló ti ń jẹun. Àmọ́ bí ẹ bá rí awakọ̀ kan tó ti ọkọ̀ rẹ̀ pa ní páàkì, tó wá gun ọ̀kadà wọ inú ìlú lọ jẹun, ẹni yẹn ni kí ẹ tọ̀ lẹ́yìn.

Ṣàgámù fúnra rẹ̀, ìlú 13 ló para pọ̀ di i, ìyẹn sì wúlò fún yín ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ọ̀fin níbi tí ààfin Akárígbò wà, Màkún, àtàwọn tó kù, kálukú ló ṣì ń ṣe bí ìlú tirẹ̀: ó ní ọjà kékeré tirẹ̀, ó ní ojú pópó tirẹ̀, ó sì ní ìyá olóúnjẹ kan tàbí méjì tí gbogbo àdúgbò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀. Ẹ má wá "bùkà tó dáa jù ní Ṣàgámù", kò sí nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àdúgbò kan lẹ máa mú lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa parí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó bọ́ sí òmíràn.

Ibi tí a máa ní kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni àyíká ilé ìwòsàn ńlá, OOUTH. Nọ́ọ̀sì, dókítà, àwọn tó ń ṣọ́ aláìsàn àtàwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ni wọ́n ń jẹun níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì kì í ráyè jókòó dúró de oúnjẹ fún ogójì ìṣẹ́jú, kì í sì í fẹ́ gba inú rírun lọ síbi iṣẹ́ alẹ́. Bí oúnjẹ bùkà kan bá da inú wọn rú, kí ọ̀sẹ̀ tó pé gbogbo wọ́ọ̀dù ti gbọ́. Lẹ́yìn ibẹ̀, ẹ lọ sí Sábó. Àwọn Hausa tó ń ṣòwò obì ti wà níbẹ̀ látìgbà pípẹ́, torí náà ẹran sísun, túwó àti wàrà ibẹ̀ kì í ṣe àfarawé. Tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ̀bà lọ́sàn-án, kì í ṣe Sábó. Tí ẹ bá fẹ́ jẹ sùyà lálẹ́, Sábó ni. Ẹ yà sí ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́káníìkì àti àwọn tó ń kọ́lé pẹ̀lú. Bíríkìlà ń fi agbára rẹ̀ jẹun ni, kò sí bó ṣe máa san owó ẹ̀bà tí kò tó o jẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí ẹ máa rí níbẹ̀ ni òṣùwọ̀n tó tó. Adùn rẹ̀ kò dájú, àwọn kan ń fi ata bo ohun tí kò sí nínú ọbẹ̀.

Bí ẹ bá ń lọ sápá Ìlíṣàn, ẹ fi í sọ́kàn pé Yunifásítì Babcock jẹ́ ti ìjọ Adventist. Láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì títí yóò fi wọ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìsinmi ni lọ́dọ̀ wọn, àwọn olóúnjẹ ibẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ìjọ kì í tajà. Ẹni tó bá gbé kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta lè pàdánù owó ọkọ̀ rẹ̀.

Báyìí, bí ẹ ṣe máa béèrè. Ìbéèrè tí gbogbo èèyàn ń bi ọlọ́kadà ni "níbo loúnjẹ ti dùn níbí?", ìdáhùn rẹ̀ kì í sì í dáa. Ẹni tí ẹ bi á wo aṣọ yín, á rí i pé Èkó lẹ ti wá, á wá júwe ibi tó rò pé ó yẹ yín: ibi tí wọ́n kun ní ọ̀dà, tó ní fáànù àti tẹlifíṣọ̀n. Ẹ bi í báyìí: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti jẹun lánàá?" Ó máa rẹ́rìn-ín, ó máa sọ òótọ́. Kí ẹ tún wá fi ọ̀kan lé e: "Kí lẹ jẹ níbẹ̀?" Nítorí kò sí olóúnjẹ tí gbogbo ọbẹ̀ rẹ̀ dáa dọ́gba. Ẹnìkan mọ ẹ̀fọ́ sè, ẹ̀gúsí rẹ̀ á dà bí omi. Bí ẹni mẹ́ta tí wọn ò mọra bá dárúkọ ibì kan náà àti ọbẹ̀ kan náà, ẹ ti rí ohun tí ẹ ń wá. Ẹ bi fọganáísà, ẹ bi máígádì báǹkì, ẹ bi obìnrin tó ń ṣe POS lábẹ́ agboòrùn: orí ìdúró kan náà ni wọ́n ń wà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹfà lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń ra oúnjẹ.

Ti orí fóònù ńkọ́? Ó ń ran èèyàn lọ́wọ́ díẹ̀. Ilé oúnjẹ tó ní pátákó àti ẹ̀rọ amúlétutù máa ń wà lórí Google Maps, àmọ́ ọ̀pọ̀ bùkà kò sí níbẹ̀, àwọn kan tó wà níbẹ̀ sì ti kó lọ síbòmíràn látọjọ́ pípẹ́. Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ má wo iye ìràwọ̀ rẹ̀, ẹ wo fọ́tò tí àwọn oníbàárà fúnra wọn yà, ẹ sì wo ọjọ́ tí wọ́n yà á. Fọ́tò abọ́ tí wọ́n ti jẹ kù sọ òótọ́ ju fọ́tò abọ́ tí wọ́n tò lọ. Bí nọ́ńbà bá wà níbẹ̀, ẹ pè ní aago 10 àárọ̀, ẹ ní: "Màámi, ẹ kú iṣẹ́ o, kí lẹ gbé kaná lónìí?" Ẹni tó ń dáná lóòótọ́ á dárúkọ ọbẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, á tún sọ èyí tí kò tíì jinná. Ẹni tó bá ní "gbogbo nǹkan ló wà", ẹ ṣọ́ra fún un.

Àkókò ṣe pàtàkì gan-an. Ní bùkà tó dáa, iná ń jó láti aago 6 tàbí 7 àárọ̀, ọbẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín aago 10 sí 11. Oúnjẹ dùn jù láàárín aago 11:30 sí 1:30. Ní aago 3, ẹran tó dáa ti tán, ó ku pọ̀nmọ́ àti ìsàlẹ̀ ìkòkò. Torí náà, ẹ má fi aago 5 ìrọ̀lẹ́ dán bùkà wò ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ lè kórìíra olóúnjẹ rere nítorí pé ẹ pẹ́ dé. Ṣùgbọ́n aago 4 ní iṣẹ́ tirẹ̀: ẹ kàn kọjá níwájú ibẹ̀ ní aago 4. Bí wọ́n bá ti ń fọ ìkòkò, oúnjẹ ibẹ̀ ń tán lójoojúmọ́. Bí ìkòkò ọbẹ̀ bá ṣì kún dé ìlàjì, òun náà lẹ máa jẹ lọ́la.

Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ má tètè jókòó. Ẹ dúró níbi tí wọ́n ti ń bu oúnjẹ fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ wo nǹkan wọ̀nyí. Àkọ́kọ́ ni omi tí wọ́n fi ń fọ abọ́. Ó yẹ kí bàsíà tó mẹ́ta: èyí tó lọ́ṣẹ, èyí tí wọ́n fi ń ṣan ọṣẹ kúrò, àti èyí tó mọ́ tí wọ́n fi ń ṣan án parí. Bí ó bá jẹ́ bàsíà kan ṣoṣo tí omi rẹ̀ ti dà bí omi ẹ̀kọ, ẹ yí padà, kò sí ọbẹ̀ tó dùn débi tí ẹ máa fi gba ìyẹn mọ́ra. Èkejì ni ṣíbí ọbẹ̀: ṣé kálukú ìkòkò ló ní tirẹ̀, ṣé inú ìkòkò ló wà, àbí orí tábìlì tí eṣinṣin ń bà lé? Ẹ̀kẹta, ta ni ń gbowó? Bí ọwọ́ tó ń gba náírà bá ni ọwọ́ tó ń bọ́ ewé mọ́ínmọ́ín, ẹ ti mọ ibi tí inú rírun yín ti wá. Olóúnjẹ tó mọṣẹ́ máa ń ní ọmọ kan tó dúró fún owó nìkan.

Ẹ̀kẹrin ni iná. Ọbẹ̀ tó wà lórí iná díẹ̀díẹ̀, tó ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sàn ju èyí tí wọ́n dà sínú kúlà láti àárọ̀ lọ. Oúnjẹ gbígbóná kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ ju 60°C lọ. Bó bá tutù tó wà bẹ́ẹ̀ ju wákàtí 2 lọ, kòkòrò àìfojúrí ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ ò ní mú òṣùwọ̀n ooru lọ sí bùkà, ojú ló máa sọ fún yín: bí wọ́n bá ṣí kúlà, kí èéfín rú jáde. Bí èéfín ò bá rú, ẹ má jẹ ìrẹsì inú rẹ̀. Ìrẹsì wà lára èyí tó léwu, àwa èèyàn kì í sì í fura sí i. Kòkòrò kan wà tó ń yè é nígbà tí wọ́n ń sè é, bí ìrẹsì bá tutù díẹ̀díẹ̀ nínú kúlà mọ́jú, á máa tu oró síbẹ̀, gbígbóná ọjọ́ kejì kì í sì í pa oró náà. Bí èébì bá mú yín láàárín wákàtí 1 sí 6 lẹ́yìn ìrẹsì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni. Ẹ ronú padà sí ẹ̀ẹ̀mejì tí inú run yín yẹn, kí lẹ jẹ? (Bí ìgbẹ́ gbuuru kò bá dáwọ́ dúró tàbí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, ilé ìwòsàn ni o, kì í ṣe àgbo.)

Ó wá ku oúnjẹ fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má ra ẹran púpọ̀. Ẹ ra ẹ̀bà kan, ọbẹ̀ kan, pọ̀nmọ́ tàbí ẹja kan. Ẹ béèrè iye owó kálukú kí wọ́n tó bù ú, torí ẹran ni wọ́n fi ń ṣí owó lé èèyàn lórí, ẹ̀bà kì í gbé owó lọ.

Ẹ̀bà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ nítorí ilẹ̀ gàrì lẹ wà. Gàrì Ìjẹ̀bú gidi, wọ́n ti jẹ́ kó kan fún ọjọ́ 3 sí 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ti fún omi rẹ̀ gbẹ dáadáa, wọ́n sì yan án láìsí epo. Ẹ̀bà rẹ̀ máa ń funfun bíi wàrà tó ń pọ́n díẹ̀, ó ń kan fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́nu, bí ẹ bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ á padà sókè. Bí ẹ bá bá kókó gàrì gbígbẹ láàárín, omi kò hó tán kí wọ́n tó dà á sí i, tàbí wọn ò dé e. Bó bá ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bíi gọ́ọ̀mù, wọn ò fún gàrì náà gbẹ tó, kò sì kan tó. Bó bá ti hàn pé wọ́n fi ọ̀rá wé e láti àárọ̀ tó ti ń la òógùn, ẹ ní kí wọ́n ro tuntun fún yín. Olóúnjẹ tó bá ní omi gbígbóná lórí iná kò ní bínú.

Ewédú náà máa ń tú àṣírí. Èyí tí wọ́n fi ìjábẹ̀ ja láàárọ̀ yẹn á tutù lójú bíi ewé, á sì fà. Bó bá ti ń ya omi sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti pẹ́. Bó bá dúdú, tó ń yọ̀ lẹ́nu bíi ọṣẹ, kánún ti pọ̀ jù. Ọbẹ̀ ata tí wọ́n ti gbé kaná lẹ́ẹ̀mẹta máa ń ṣú, epo rẹ̀ á léfòó sókè láìdàpọ̀ mọ́ ata, ẹja inú rẹ̀ á sì ti di ìrúnrún.

Ẹ béèrè oúnjẹ Ìjẹ̀bú gangan, ó yá, ìkọ́kọrẹ́. Ní ibòmíràn wọ́n ń pè é ní ìfọ́kọrẹ́. Ibí la ti máa pẹ́ díẹ̀, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ bùkà ń fi tan àlejò jẹ. Ewùrà ni wọ́n ń fi sè é, kì í ṣe iṣu funfun. Wọ́n á bó ewùrà, wọ́n á rin ín láìfi omi kún un, wọ́n á fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Lórí iná, ata, àlùbọ́sà, epo pupa, irú, edé àti ẹja gbígbẹ tàbí páńlá á ti máa hó nínú omi ẹja. Ìgbà tí ọbẹ̀ yẹn bá ń hó dáadáa ni wọ́n á máa fi ọwọ́ bu ewùrà sínú rẹ̀ ní kókó kókó. Wọ́n á dín iná kù, wọ́n á dé e, wọn ò ní fi ṣíbí kàn án fún bí ìṣẹ́jú 10, kí kókó náà lè dì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á rọra yí i, á tún wà lórí iná díẹ̀ sí i.

Èyí tó jáde dáadáa, ẹ máa rí kókó rírọ̀ nínú rẹ̀, díẹ̀ nínú ewùrà náà á sì ti yọ́ tó fi mú ọbẹ̀ rẹ̀ ki. Ẹ fi ṣíbí gé kókó kan sí méjì: àárín rẹ̀ gbọ́dọ̀ jinná bákan náà pẹ̀lú ẹ̀yìn rẹ̀, kó máa yọ̀ díẹ̀, kí ẹ sì rí ẹja tó yàtọ̀ sí ewùrà. Bó bá ti dà bí àsáró tí wọ́n gún, wọ́n ti rò ó jù. Bó bá ń ṣàn bí ọ̀gì, wọ́n fi omi sí ewùrà nígbà tí wọ́n ń rin ín kó lè pọ̀. Bó bá rí wóró-wóró lẹ́nu, tí kókó rẹ̀ sì ń fọ́ bí ẹ ṣe fọwọ́ kàn án, wọ́n ti da iṣu funfun mọ́ ọn, iṣu funfun kò ní ìyọ̀ tó ń di kókó mú. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ewùrà ń jáde, torí náà láti bí oṣù Kọkànlá títí wọ inú oṣù Kejì ni kí ẹ fi dán bùkà wò. Nígbà tí ewùrà bá wọ́n, olóúnjẹ tó jẹ́ olóòótọ́ á sọ fún yín pé kò sí, èyí sì ni ìdánwò tó dáa jù tí a mọ̀. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí ẹ bá rí ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń fi ẹ̀bà tútù jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò: tútù ẹ̀bà yẹn àti gbígbóná ìkọ́kọrẹ́ bá ara wọn mu gan-an.

Ìrẹsì ọ̀fadà pẹ̀lú ọbẹ̀ ayámáṣe wà káàkiri Rẹ́mọ, ọ̀pọ̀ èèyàn sì so ọbẹ̀ náà mọ́ Ìkẹ́nnẹ́. Tàtàsé tútù tí kò tíì pọ́n ni ata rẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ yọ́ epo pupa lórí iná títí àwọ̀ rẹ̀ á fi ṣí, irú wooro á wà nínú rẹ̀, ṣàkì, fùkù, pọ̀nmọ́ àti ẹyin á tẹ̀ lé e. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni epo yẹn: bí iná bá pọ̀ jù, epo á jó, ọbẹ̀ á korò, á sì máa ha ọ̀nà ọ̀fun. Bí ẹ bá tọ́ ọ wò tí ọ̀fun yín ń yún yín, kì í ṣe ata ló fà á. Ìrẹsì náà, ẹ jẹ ṣíbí mẹ́ta pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí òkúta bá bá yín nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹni tó sè é kò ṣà á.

Ẹ má fi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo dájọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni, ní ọjọ́ mẹ́ta tó yàtọ̀, kí ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Ajé ni oúnjẹ ìparí ọ̀sẹ̀ máa ń jáde padà.

Àwọn ọjọ́ kan wà tí kò yẹ kí ẹ fi dán ẹnikẹ́ni wò. Mùsùlùmí pọ̀ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, nígbà Ààwẹ̀ ọ̀pọ̀ olóúnjẹ kì í dáná lọ́sàn-án, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń jáde, oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ yẹn sì máa ń dáa gan-an nítorí pé tuntun ni. Bí ẹ bá lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde fún Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, èrò á ti kún ìlú, àwọn tí kì í ta oúnjẹ tẹ́lẹ̀ á ti gbé ìkòkò jáde. Ẹ ṣeré yín, ẹ má fi ọjọ́ yẹn ṣàyẹ̀wò. Ọjọ́ tí wọ́n bá sì kéde pé Orò máa jáde ní àdúgbò kan, obìnrin kì í jáde níbẹ̀, olóúnjẹ sì jẹ́ obìnrin.

Ti owó ọkọ̀: bí ẹ̀yin méjèèjì bá wọ kẹ̀kẹ́ lọ wọ kẹ̀kẹ́ bọ̀ nítorí abọ́ ẹ̀bà kan, owó ọkọ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó oúnjẹ. Ẹ so oúnjẹ mọ́ ohun mìíràn tó ń gbé yín jáde. Ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ sọ́jà ni kí ẹ jẹun lágbègbè ọjà, ọjọ́ tí ìyàwó bá ní iṣẹ́ ní Ìkẹ́nnẹ́ ni kí ẹ jẹ ọ̀fadà níbẹ̀. Ohun tó sì máa gbà yín jù ni kí ẹ máa ra ọbẹ̀ nìkan. Ẹ gbé abọ́ onídèérí tiyín lọ, torí ọbẹ̀ gbígbóná kò yẹ kó wọ ọ̀rá náílọ́ọ̀nù. Ọ̀pọ̀ olóúnjẹ á ta ọbẹ̀ abọ́ ńlá fún yín bí ẹ bá ti di oníbàárà, pàápàá bí ẹ bá sọ fún un lọ́jọ́ tó ṣáájú. Bí ẹ bá délé, ẹ pín in sí abọ́ kékeré kó lè tètè tutù, kí ẹ tó gbé e sínú fíríìjì. Ọjọ́ 3 ló pẹ́ jù níbẹ̀. Bí iná mànàmáná bá lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí tí ọbẹ̀ náà kò tutù mọ́, ẹ dà á nù, híhó rẹ̀ kò tó. Ẹ̀bà kò ní wàhálà: ife omi híhó kan ààbọ̀ sí ife gàrì kan, ẹ wọ́n gàrì sí i lórí, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ tó rò ó.

Ẹ ní ìwé kékeré kan, tàbí ẹ kọ ọ́ sínú fóònù: àdúgbò, orúkọ tí wọ́n ń pe ìyá olóúnjẹ, ọbẹ̀ tó mọ̀ ọ́n sè, ọjọ́ tó ń sè é, aago tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ọjọ́ tó ń sè é ló ṣe kókó jù nínú wọn, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í se ìkọ́kọrẹ́ lójoojúmọ́, ọjọ́ kan tàbí méjì lọ́sẹ̀ ni. Bí ẹ bá ti kó ibi mẹ́rin jọ, ẹ gba nọ́ńbà fóònù àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́yìn oṣù kan, ìyá olóúnjẹ kan á pè yín fúnra rẹ̀ láàárọ̀ pé ewùrà tuntun dé, ṣé kí òun bu tiyín pamọ́.